Orin Tí Kò Gba Inú Mítà Kọjá

Títí di òní, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ Bàbá Onímítà ní àdúgbò náà, ọjọ́ tí àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún ìbínú ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń mú wá. Ọ̀sán Sátidé kan ni. Bàbá ti to àga sí pálọ̀, ó ti fa kọ́tìnì pa, ó sì ti ránṣẹ́ sí gbogbo ará òpópónà pé kí wọ́n wá fi ojú ara wọn rí orin. Kì í ṣe kí wọ́n wá gbọ́ ọ o. Kí wọ́n wá rí i ni. Káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òdìkejì títì jókòó síwájú pẹ̀lú ẹ̀rún pákó lórí. Ìyàwó Bàbá jẹ́ aránṣọ, àwọn oníbàárà rẹ̀ tó wá gba aṣọ náà sì jókòó, nítorí pé àga ti dí ọ̀nà, wọn kò rí ibi gbà jáde.

Bàbá di igi ìgbálẹ̀ mú bíi tíṣà. Ó tan orin láti orí fóònù, orin náà sì jáde látinú sípíkà róbótó kan lórí tábìlì. Lójú ẹsẹ̀, àwọ̀ oríṣiríṣi bẹ̀rẹ̀ sí í jó lára ògiri. Búlúù ń dìde, pupa ń yí po, ìlà funfun kan ń sáré láàrin wọn.

"Ẹ wò ó dáadáa," ni Bàbá wí. "Ìlà ìsàlẹ̀ yìí, jìtá ni. Èyí tó ń fò lókè yìí, ohùn obìnrin tó ń kọrin ni. Ẹ fara balẹ̀. Kò tíì dùn. Ó ń bọ̀ wá dùn."

Ibi tó sọ ọ́ dé nìyẹn tí ìyàwó rẹ̀ fi ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé, aṣọ rẹ̀ tutù dé orúnkún.

"Bàbá wọn! Paipu ẹ̀yìn ilé yìí ṣì ń jò! Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ omi, omi wá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé ara rẹ̀! Láti ìgbà wo ni mo ti ń sọ ọ́? Ṣé kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ ni, kí n lè máa dé ibi tí mo ń sá aṣọ sí?"

Ògiri gbiná. Àwọ̀ pupa kún un dé àjà, búlúù ń bú gbàmù, ìlà funfun náà ń fò bí ẹni tí iná jó lẹ́sẹ̀.

"Ó dé!" Bàbá fi igi ìgbálẹ̀ gbá ògiri. "Ibi tó ti dùn jù lọ nìyí! Ẹ rí i bó ṣe ga tó! Irú ohùn báyìí ṣọ̀wọ́n!"

Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Obìnrin náà bá a lọ fún ìgbà díẹ̀ sí i, wọ́n sì tún pàtẹ́wọ́. Nígbà tó rí i pé òun ni wọ́n kọjú sí, ó dákẹ́. Ògiri náà dákẹ́. Gbogbo rẹ̀ ṣú dẹ̀dẹ̀.

"Orin ti parí," ni Bàbá wí, ó sì tẹrí ba díẹ̀.

Káfíńtà nàwọ́ sókè. "Bàbá, ẹ má bínú. Orin yẹn ti dákẹ́ kí Màmá tó wọlé. Dátà yín ló tán. Màmá la ti ń wò láti ìgbà yẹn."

Kí ẹ tó mọ bí ọkùnrin kan ṣe lè di irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ ní láti mọ iṣẹ́ tó ṣe láyé. Mítà omi ni ó máa ń kà. Ojúlé dé ojúlé ni ó ń rìn, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á nu ojú gíláàsì náà pẹ̀lú áńkáṣíìfù, á wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń yí, á kọ ọ́ sílẹ̀. Onílé lè máa bú u, ajá lè máa gbó o, kò jẹ́ gbójú sókè. Ẹnu ènìyàn lè parọ́, ó ní ọwọ́ mítà kì í parọ́. Àwọn àgbà ti ní ìròyìn ò tó àfojúbà, ṣùgbọ́n Bàbá gba òwe yẹn gbọ́ ju bí àwọn àgbà tó pa á ṣe gbà á gbọ́ lọ.

Ó fẹ̀yìn tì, ìwà náà kò bá a fẹ̀yìn tì. Ìgbà kan tí ara rẹ̀ gbóná, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, dókítà fi tẹmómítà sí i lábẹ́ apá. Bàbá yọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó gbé e sí ojú iná, ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn.

"Mítà yín ń sáré," ni ó wí.

"Bàbá, ibà ni."

"Ẹ fi wọn ara yín, kí a fi méjèèjì wéra."

Dókítà náà, kó lè ráyè lọ bá àwọn aláìsàn yòókù, fi í sábẹ́ apá ara rẹ̀. Ara dókítà gbóná ju ti Bàbá lọ. Bàbá ní kó lọ sinmi, òun náà wọ bàtà rẹ̀, ó sì gba ilé lọ.

Bó ṣe fẹ́yàwó gan-an, ọ̀nà mítà ni ó gbà. Ọmọge aránṣọ kan wà ní ọ̀kan nínú àwọn ilé tó ń kà, tó máa ń jókòó sídìí maṣíìnì lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bàbá, ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà náà, kò mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń kọ ẹnu ìfẹ́ sí obìnrin. Ohun tó mọ̀ ni kó wá ka mítà. Ó kà á, ó tún padà wá kà á, kò pẹ́ ó tún ti dé. Ọkàn bàbá ọmọge náà kò balẹ̀ mọ́, ó sì pe àwọn oníṣẹ́ paipu pé kí wọ́n wú gbogbo ilẹ̀ àgbàlá, kí wọ́n wá ibi tí omi ti ń jò. Wọ́n wú u títí, wọn kò rí nǹkan kan. Ọmọge náà ló rẹ́rìn-ín tó ní kí wọ́n bo ilẹ̀ wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kò lè sọ pé wọ́n tan òun. Ṣùgbọ́n aránṣọ náà jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń tẹ maṣíìnì, ẹnu rẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́: ọ̀rọ̀ oníbàárà, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, àlá tó lá, ohun tó rí lọ́nà. Bàbá á jókòó sí àga rẹ̀ nítòsí, á máa dáhùn "Hùn." Gbogbo nǹkan ló ń gba "Hùn" lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ kan, obìnrin náà fẹ́ dán an wò.

"Bàbá wọn, mo ti rí ọkọ mìíràn fẹ́ o."

"Hùn. Kí wọ́n rọra ṣe é."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ fún gbogbo oníbàárà rẹ̀, àwọn náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó dùn ún wọra. Kò bèèrè wúrà, kò bèèrè mọ́tò. Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí ni pé kó gbọ́ òun, kó gbọ́ òun dénú, kí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tó lọ.

Ẹ̀rọ orin àtijọ́ kan wà ní pálọ̀ wọn tó ní ojú gíláàsì méjì, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kọ̀ọ̀kan ń mì nínú wọn bí orin bá ń lọ. Ẹ̀rọ yẹn ni Bàbá fi ń gbádùn orin. Á jókòó tì í, á tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́, á mi orí. Bí orin bá dùn tí abẹ́rẹ́ kò mì dáadáa, á ní olórin yẹn kò ṣiṣẹ́. Nígbà tí ẹ̀rọ náà kú, tí wọ́n gbé e lọ gbé e bọ̀ tí kò jí, àkọ́bí wọn obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú mìíràn, fi sípíkà róbótó ránṣẹ́ sí wọn, ó sì sanwó kí orin lè máa wọlé sórí fóònù wọn láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó rò pé òun ṣe rere.

Bàbá yí sípíkà náà síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó wo ìdí rẹ̀. Ó pe ọmọ rẹ̀.

"Ọmọ mi, a dúpẹ́, o ṣeun. Níbo ni ojú rẹ̀ wà?"

"Bàbá, kò lójú. Ẹ kàn máa gbọ́ orin ni."

"Ta ló wá ń ka èyí tó ń wọlé?"

"Kò sẹ́ni tó ń kà á, Bàbá."

"Háà! Omi tí kò gba inú mítà kọjá, omi olè ni. Mo ti mú àwọn ènìyàn nítorí rẹ̀. O wá fẹ́ kí n máa mu omi olè lọ́jọ́ ogbó mi?"

"Orin kì í ṣe omi, Bàbá wọn," ni ìyàwó rẹ̀ wí láti ìdí maṣíìnì.

"Hùn," ni Bàbá wí, ó sì yọ wáyà sípíkà náà. Obìnrin tó ti ń retí pé òun yóò máa gbọ́ orin bí òun bá ń ránṣọ padà sídìí maṣíìnì láìsí orin.

Bí ìwádìí Bàbá ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹnìkan ti sọ fún un pé áàpù wà lóríṣiríṣi tó ń sọ orin di àwòrán, ó sì pinnu pé òun yóò rí èyí tó jẹ́ olóòótọ́ nínú wọn. Àkọ́kọ́ ya òdòdó mèremère bí orin ṣe ń lọ, ṣùgbọ́n bí orin bá ti fẹ́ dé ibi tó dùn, òdòdó á parẹ́, obìnrin kan á yọjú láti polówó ọṣẹ. Ìkejì dára. Ìràwọ̀ ń tú, òrùka ń ṣí, ó ń ṣe bí ẹni tó mọ orin. Bàbá wò ó títí, inú rẹ̀ dùn. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ àtijọ́ sọ sí i lọ́kàn, ó sì pa orin. Ìràwọ̀ náà ń tú lọ. Òrùka ń ṣí lọ. Kò sí orin kankan nínú ilé.

"Mítà tí omi kò sí nínú rẹ̀ tó ń yí!" Bàbá dìde dúró. "Ìyá wọn, wá wo olè! Ẹ̀wọ̀n là ń fi irú èyí sí!"

Ó fẹ́ mọ orúkọ ẹni tó ṣe áàpù náà, kó lè fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Obìnrin náà ní kó jẹ́ kí òun parí ọrùn aṣọ tó wà lọ́wọ́ òun ná.

Nígbà tí fóònù já a kulẹ̀, ó ra iná tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan tó ń ṣẹ́jú bí ìlù bá ń dún, ó sì fi yí gbogbo àjà pálọ̀ ká. Pálọ̀ yẹn kan náà ni ìyàwó rẹ̀ ti ń gé aṣọ o. Lábẹ́ iná pupa, gbogbo aṣọ di ọmọ ìyá kan. Obìnrin náà rán apá aṣọ oníbàárà kan mọ́ ẹ̀wù oníbàárà mìíràn, àwọn méjèèjì sì dán an wò nínú pálọ̀ náà, wọ́n yẹ́ ara wọn sí, wọ́n lọ. Báǹkì ni wọ́n ti pàdé. Wọ́n tẹ̀lé ara wọn padà wá, ọ̀kan wọ apá aṣọ ìkejì, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọn kò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn na apá jáde ni.

Ọjọ́ yẹn, ìyàwó Bàbá kò pariwo. Ó gbé síṣọ́ọ̀sì sílẹ̀.

"Bàbá wọn, ẹ gbọ́ mi o. Bí ẹ bá tún sọ pálọ̀ yìí di ilé ìran, ilé ọmọ mi ni ẹ ó ti máa wá mi. Ó ti to bẹ́ẹ̀dì mi sílẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ yẹn máa ń gbọ́ mi bí mo bá ń sọ̀rọ̀."

"Hùn," ni Bàbá wí.

Kó tó di ọjọ́ kejì, ó ti tú gbogbo iná náà kúrò. Orí obìnrin náà wú, ó rò pé ó gbọ́ òun. Kò gbọ́. Ó ti rí pirojẹ́tọ̀ alòkù kan rà ni, irú èyí tó ń tan àwòrán sára ògiri, kò sì fẹ́ kí iná mìíràn bá a du ògiri náà.

Kọ̀ǹpútà tí ọmọ wọn pa tì ni ó so pirojẹ́tọ̀ náà mọ́, ó sì wá áàpù tuntun sí i. Áàpù yìí kì í ṣe olè. Bí orin bá dákẹ́, òun náà á dákẹ́. Bàbá dán an wò lọ́tùn-ún lósì, ó sì na àtàǹpàkò sí i pé ó yege. Ohun tí kò mọ̀ ni pé áàpù náà kò gba orin látinú wáyà kankan. Máìkì inú kọ̀ǹpútà ni ó fi ń gbọ́ ọ, gbogbo ohun tó bá sì dún nínú ilé náà ni yóò sọ di àwọ̀. Áàpù ti kọ ọ́ sí i lójú gàdàgbà pé òun fẹ́ lo máìkì, ṣé ó gbà? Bàbá tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni." Ọkùnrin tó fi mítà kíkà jẹun kò ka ìyẹn. Ibẹ̀ ni ó ti ránṣẹ́ pe òpópónà, ẹ sì ti gbọ́ bó ṣe parí.

Káfíńtà kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ń rà sí nínú. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo àdúgbò ti mọ̀. Bí ìyàwó Bàbá bá kọjá, wọn á ní, "Màmá, ẹ bá wa kọ ọ̀kan." Obìnrin kan tó ń ta bọ́tìnnì ní kó fi tirẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé ó máa lówó lórí. Ìyàwó Bàbá dé ilé, ó gbé àpótí rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì pe ọmọ rẹ̀.

"Mò ń bọ̀ lọ́la. Rárá, kò nà mí. Bí ó bá tiẹ̀ nà mí, mà á mọ̀ pé ó rí mi."

Ó ń di ẹrù, ó ń sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tó ti ń sọ láti ọdún wọ̀nyí ni ó tún sọ lọ́jọ́ yẹn: ọ̀rọ̀ paipu, ọ̀rọ̀ ọkọ mìíràn tó gba "Hùn," ọ̀rọ̀ àga tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ kú tí Bàbá ń nu ojú gíláàsì ẹ̀rọ orin. Láàárín òun àti ọkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò tíì di gbọ́nmi-si-omi-ò-tó rí, nítorí ẹnìkan ṣoṣo ló ń gbọ́n ọn. Ó wọ pálọ̀ láti wá mú síṣọ́ọ̀sì rẹ̀.

Bàbá jókòó síwájú ògiri. Kò sí orin. Pirojẹ́tọ̀ wà ní títàn, Bàbá sì na ọrùn bí ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sídìí mítà tí ojú rẹ̀ dọ̀tí.

"Ìyá wọn," ni ó wí, kò yí padà, "tún èyí tí o sọ kẹ́yìn yẹn sọ."

"Èwo?"

"Ti ìyá rẹ."

Obìnrin náà dúró. "Mo ní ọjọ́ tí ìyá mi kú, mo ń sunkún nínú yàrá, ẹ sì ń nu gíláàsì."

Ìlà funfun lára ògiri lọ sílẹ̀, ó gbọ̀n díẹ̀, ó nà gbalaja. Bàbá wò ó títí tó fi dúró.

"Ó wúwo," ni ó wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "N kò mọ̀ pé ó wúwo tó bẹ́ẹ̀."

Ta ló ń bú ọkùnrin tó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn? Obìnrin náà ni. Ó bú u dáadáa, ó bú u tẹkúntẹkún, Bàbá sì tẹjú mọ́ ògiri, kò dáhùn "Hùn" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ paipu, Bàbá dìde, ó mú sípánà, ó lọ sẹ́yìn ilé. Omi fọ́n sí i lójú, agbádá tó wọ̀ fún àlejò ọjọ́ náà rin gbingbin, ṣùgbọ́n nígbà tó padà wọlé paipu kò jò mọ́. Ìyàwó rẹ̀ kò gbé àpótí náà kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó kàn ní òun máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà ná, kí òun wò ó bóyá Bàbá yóò tún nǹkan mìíràn ṣe.

Bàbá tún ẹsẹ̀ àga tó ṣẹ́ náà ṣe, ṣùgbọ́n ó gùn ju àwọn yòókù lọ. Obìnrin náà tú àpótí palẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé Bàbá yí padà di ènìyàn gidi. Ojú lọ̀rọ̀ wà, báyìí ni àwọn àgbà wí, òun náà sì mú un bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí iná bá lọ, etí rẹ̀ a di. Ìyàwó rẹ̀ á máa pariwo orúkọ rẹ̀ nínú òkùnkùn, Bàbá á máa dáhùn "Hùn." Iná á dé, pirojẹ́tọ̀ á tàn, á ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, Ìyá wọn, kí lo wí?" Bí ó bá sì rí ìyàwó rẹ̀ tí ó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ ní ìta, á pè é wọlé pé kó má fi ọ̀rọ̀ ṣòfò níbi tí kò sí ògiri. Káfíńtà ní láti bá wọn kun ògiri náà ní funfun, Bàbá sì ń dúró lé e lórí, ó ń sọ fún un pé ibi tí ó fi búrọ́ọ̀ṣì kọjá yẹn ni ìbínú máa ń dé, kó kùn ún dáadáa.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí obìnrin náà ń sọ̀rọ̀ oníbàárà kan, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni, tí Bàbá sì dá a dúró.

"Ohùn rẹ kò dé ibi tó máa ń dé. Kí ló ṣe ọ́?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tó ti ń lọ sílẹ̀. Sọ ọ́."

Obìnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní oríkèé ìka ń ro òun, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kò sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì pàápàá. Ó ní síṣọ́ọ̀sì ti ń wúwo, ẹ̀rù sì ń ba òun pé bí òun kò bá lè gé aṣọ mọ́, kí ni òun yóò máa ṣe láyé. Bàbá wo ọ̀rọ̀ náà tán lára ògiri. Lẹ́yìn náà ló wo ojú rẹ̀, ohun tó ti pẹ́ tó ti ṣe kẹ́yìn.

"Èmi á máa gé e," ni ó wí.

Ó ń gé e lóòótọ́. Orí ló yọ àwọn oníbàárà. Ó fi rúlà wọn gbogbo rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n bí ẹni tó fẹ́ fi ẹjọ́ aṣọ náà sùn, síbẹ̀ apá ọ̀tún ń gùn ju ti òsì lọ. Bí wọ́n bá ráhùn, á ní kí wọ́n na apá náà kí òun wò ó, á wò ó tán, á sọ fún wọn pé aṣọ kò ní nǹkan kan. Apá wọn ló ń sáré.

Nígbà tí àìsàn ìkẹyìn dé, ọsibítù tí ọmọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n gbé e lọ. Wọ́n lẹ nǹkan mọ́ ọn láyà, wọ́n sì tan ẹ̀rọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó ń ya ìlà aláwọ̀ ewé, tó ń fò, tó ń sọ̀kalẹ̀, tó tún ń fò. Bàbá tó ti pajú dé láti àárọ̀ la ojú. Ó wò ó, ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu.

"Èyí gan-an ni mo ti ń wá," ni ó wí fún ọmọ rẹ̀. "Áàpù wo nìyí? Orin wo ni wọ́n ń lù?"

"Bàbá, ọkàn yín ni."

Bàbá ronú sí i. "Kò burú. Kò dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n olóòótọ́ ni."

Ìyàwó rẹ̀ wọlé lákòókò yẹn, ó sì bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: ta ló ní kí wọ́n gbé e sún mọ́ fèrèsé báyìí, aṣọ ìbora yìí kò nípọn, ṣé wọ́n ti fún un lóúnjẹ, kí ló dé tí kò fi pe òun nígbà tó jí. Ìlà náà bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Ọmọ wọn, gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì, ní kí Màmá rọra sọ̀rọ̀. Bàbá gbé ìka kan sókè.

"Jẹ́ kó máa sọ ọ́," ni ó wí. "Ìyá wọn, máa bá a lọ. Mò ń kà á."

Ó ń bá a lọ. Ó sọ fún un nípa Káfíńtà, nípa obìnrin oníbọ́tìnnì, nípa aṣọ tí Bàbá gé kẹ́yìn tí ẹni tó ni ín kọ̀ láti gbà. Bàbá ń wo ìlà, ó sì ń rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ó kú.

Nígbà tí àwọn olùbánikẹ́dùn ti lọ tán, ọmọ wọn wá láti kó ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Wọ́n ti jọ sọ ọ́, ìyá náà kò sì jiyàn. Ilé ti tóbi jù, maṣíìnì kò dún mọ́, ìka ń ro ó. Àpótí tí ó dì lọ́jọ́ ìbínú yẹn ni ó tún dì. Ọmọ náà ti gbé e dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí àwọn nǹkan inú pálọ̀, ó sì tẹ̀ síbi pirojẹ́tọ̀ láti yọ wáyà rẹ̀.

"Tàn án ná," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Màmá, mọ́tò ń dúró."

"Tàn án."

Ọmọ náà tàn án. Ògiri funfun náà là kedere, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Obìnrin náà jókòó sí àga Bàbá, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju ìyókù lọ, ó sì wo ògiri náà títí.

"Bàbá wọn," ni ó wí.

Ìlà funfun fò díẹ̀.

"Ẹ lọ, ẹ ò sọ fún mi ibi tí ẹ fi sípánà sí. Paipu yẹn tún ti bẹ̀rẹ̀. Láti àná ni mo ti ń gbọ́ ọ tó ń kán, mo ní ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Ẹ sì gé aṣọ obìnrin yẹn kúrú, ó tún ti wá sọ ọ́ síbi òkú, kò tilẹ̀ ní ìtìjú..."

Búlúù dìde. Pupa ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń gòkè, àwọ̀ náà sì ń bá a gòkè, títí tó fi dé ibi tí Káfíńtà kùn dáadáa. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ojú bá ń sunkún, a máa ríran, gbogbo rẹ̀ pátá ni ó sì ń rí. Ọmọ rẹ̀ tó dúró ti ilẹ̀kùn bú sẹ́rìn-ín, kò lè dá a dúró. Ẹ̀rín náà tú sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, ó ń fò káàkiri.

"Màmá," ni ọmọ náà wí nígbà tó rí ẹnu sọ̀rọ̀, "ṣé ká máa lọ?"

"Gbé àpótí yẹn padà sí yàrá," ni obìnrin náà wí, "kí o wá sípánà wá. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá bàbá rẹ sọ ṣì pọ̀."

Ó yí padà sí ògiri, ó sì ń bá a lọ.